Bàlúù tí Mo Kọ́ láti Yí Po

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú mi pé eré ọmọdé ni bàlúù inú kọ̀ǹpútà, orí mi a gbóná. Mo ti bá ọ̀kan jà rí, ní ìparí àwọn ọdún 1980, kì í sì í ṣe eré ni mo ń bá a ṣe.

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó ti ṣe mẹkáníìkì bàlúù rí ní Kánò, láyé àwọn bàlúù àtijọ́ tí abẹ̀bẹ̀ irin ń yí níwájú wọn, tí táyà ńlá méjì wà lábẹ́ àyà, tí táyà kékeré kan sì wà lábẹ́ ìrù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn balẹ̀, ó sáré díẹ̀, ó sì ṣàdédé yí po. Apá rẹ̀ kan fá ilẹ̀, ó ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kú. Awakọ̀ ní bíréèkì ni kò dára, bàbá mi ló sì tún bíréèkì náà ṣe kẹ́yìn, ni wọ́n bá lé e dànù. Ó padà wá sí Ọ̀yọ́, ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ohun kan náà ló ń sọ láti ìgbà yẹn: bíréèkì dára, irú bàlúù bẹ́ẹ̀ a máa yí po fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ kò bá fi ẹsẹ̀ darí ìrù rẹ̀ títí tí yóò fi dúró pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbà. Òun ni àgbà ìdílé. Bí ẹbí bá pàdé, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi nǹkan lé lọ́wọ́, á ní, "Ẹ má gbé e fún àbúrò mi o, ẹni tó ba bàlúù òyìnbó jẹ́." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, torí kò jẹ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn láwùjọ. Ẹ̀rín tirẹ̀ yẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Mo pinnu pé màmá yìí máa fi ojú ara rẹ̀ rí i pé bàbá mi kò jẹ̀bi.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí bàbá rẹ̀ ń ta àlùbọ́sà ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé kọ̀ǹpútà ti òkè òkun dé. Díìsì pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí a máa ń kì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu, wà lára ẹrù rẹ̀ tí èèyàn lè fi wa bàlúù lójú kọ̀ǹpútà náà, bọ́tìnnì ni a ó máa tẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàlúù ibẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, ó lábẹ̀bẹ̀ níwájú, ó ní táyà lábẹ́ ìrù. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, gbogbo Sátidé ni mo sì ń wọkọ̀ lọ bá a. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi bàlúù yẹn balẹ̀, mo ká ọwọ́ mi kúrò, mo ń retí kó yí po. Ó sáré tọ́ọ́rọ́ bí ọkọ̀ ojú irin, ó sì dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tún un ṣe. Kò yí. Mo fọwọ́ gbá tábìlì.

"Rọra o, ọ̀gbẹ́ni," ọ̀rẹ́ mi ní. "Kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ."

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń ṣe é. A rí i pé àwọn tó ṣe é ti so ìrù mọ́ apá kó lè rọrùn fún ẹni tó kàn ń ṣeré. Bí a bá darí ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. A tú wọn, síbẹ̀ kò yí. Ọ̀rẹ́ mi ní ètò mìíràn tó lè ṣí inú díìsì, tí nọ́ńbà á tò lọ bẹẹrẹ, láìsí èyí tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. À ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan mú kí bàlúù náà forí sọlẹ̀, tí ìrù rẹ̀ wà lókè. Òmíràn mú kó gbéra láìtíì sáré rárá. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, iná lọ, gbogbo ohun tí a kò tíì tọ́jú sì bá a lọ. Mo ṣépè. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Wàláhì, bó o bá ń bú iná báyìí, kò ní padà wá lónìí." Kò sì padà wá lóòótọ́, mo wọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìbínú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la tó rí i: ìwúwo bàlúù náà ni ẹjọ́. Wọ́n ti gbé e síwájú jù. Nínú bàlúù tí táyà wà lábẹ́ ìrù rẹ̀, ẹ̀yìn táyà ńlá ni ìwúwo máa ń wà, ìwúwo yẹn ló sì máa ń fẹ́ sáré kọjá iwájú bí bàlúù bá yẹ̀ díẹ̀, bí ẹrù ọmọlanke ṣe ń fẹ́ yí ẹni tó ń fà á dànù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo gbé ìwúwo náà sẹ́yìn, mo fi bàlúù balẹ̀, mo ká ọwọ́ mi kúrò. Ó sáré díẹ̀, ó yí po, apá rẹ̀ fá ilẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ sì dára, n kò fọwọ́ kàn án. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré wọlé wá wò wá.

A ti da díìsì náà kọ sórí òmíràn kí a tó fọwọ́ kàn án; èyí tí a tún ṣe ni mo gbé lọ sílé kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Bí òmùgọ̀, mo sọ fún ìyá mi pé bàbá mi máa lọ wa bàlúù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ń ta abọ́ ní ọjà Akẹ̀sán, aládùúrà paraku sì ni. Kò sí ohun tó ń bọ́ sójú ọ̀nà láti ilé wa tí kì í fi òróró àdúrà kàn, ì báà ṣe bàtà, ì báà ṣe bírò ìdánwò. Lówùúrọ̀ Sátidé, ó mú díìsì náà lẹ́yìn mi, ó rí ojú ihò tí nǹkan dúdú inú rẹ̀ ti yọ síta, ó gbà pé ẹnu ọ̀nà bàlúù nìyẹn, ó sì fi òróró ṣe àmì àgbélébùú síbẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti mọ̀. Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ti bẹ̀ pé kó wá wò ó nílé ọ̀rẹ́ mi, ti jókòó sórí àga, bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kùn, kùn, kò rí nǹkan kan kà. Ọ̀rẹ́ mi fa díìsì náà yọ, ó ń dán yinrin. Mo mọ òórùn òróró náà kí n tó fi símú.

"Ìyá ẹ ni," bàbá mi ní. "Ó lóun ti bá wa gbàdúrà sí i."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ọ̀rẹ́ mi mú díìsì tó kọ́kọ́ gbé wá láti òkè òkun jáde, ó fi bàlúù balẹ̀ láti mọ̀ bóyá èyí ń ṣiṣẹ́. Ó sáré tọ́ọ́rọ́, ó dúró.

"Kò mà yí o," Màmá ní.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Mò ń bọ̀." Mo ṣí inú díìsì, mo ń tẹ nọ́ńbà tí mo rántí.

"Kí lò ń tẹ̀ síbẹ̀?"

"Mò ń tún un ṣe ni, mà."

Mo tún fi bàlúù balẹ̀. Ó yí po, apá rẹ̀ fá ilẹ̀. Bàbá mi ti di àga mú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ń wá ohun tó máa fi dá a padà. Mo wojú Màmá. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti ìlú òyìnbó, kò yí. Ìwọ lo fọwọ́ kàn án tó fi yí." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ọmọ rẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Òun náà ti ba tirẹ̀ jẹ́."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń ṣe.

Mo kígbe mọ́ Màmá. Mo ní ṣé ẹ ò fẹ́ gbọ́ òótọ́ ni, ṣé ẹ̀ ń gbádùn bí ẹ ṣe ń fi bàbá mi ṣẹ̀sín ni. Bàbá mi dìde. "Dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi." Mo dọ̀bálẹ̀, mo di eyín mi pọ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà kò ti inú mi wá.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ọ̀yọ́, mo ń bú Màmá lábẹ́lẹ̀, mo ń bú ìyá mi, mo ń bú ara mi tí mo ń tẹ nọ́ńbà lójú rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Nọ́ńbà tó o rí yẹn," ó ní, "ṣé ìgbà tó o rí i lo tó mọ̀ pé bíréèkì dára?"

"Rárá o, bàbá. Mo ti gbà yín gbọ́ tipẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó ń wojú mi, ó ń retí èsì. Mo wá ọjọ́ kan tí mo lè dárúkọ ṣáájú Sátidé tí bàlúù náà yí po, n kò rí i. Inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ọ̀yọ́.