Òkèlè Kan Níwájú Ìyá Mi

Ọdún méje gbáko ni mo fi ń kí ìyá mi ní ìdúró. Èmi, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n sì kọ́! Ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe ìgbéraga. Bí mo bá kúnlẹ̀, dídìde ló ń di ogun. Ìgbà ìkẹyìn tí mo dán an wò níwájú ilé wa, èèyàn mẹ́ta ló fà mí dìde, ọ̀kan nínú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti délé, ma di ògiri mú, ma tẹrí ba díẹ̀, ma ní, "Ẹ kú ilé, Màmá." Ìyá mi kúrú, ogbó sì ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba. Á kàn fọwọ́ gbá mi ní ìgúnpá pẹ́pẹ́, á ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi." Kò fìgbà kankan bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúnlẹ̀. Àìbéèrè yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ǹ bá sọ pé Warri tí mò ń gbé ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n má parọ́, ẹnu mi ni. Léèsì ni mò ń tà ní ọjà. Àsìkò tí owó epo rọ̀ bí òjò ni, àwọn ìyàwó ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo á gbé ọkọ̀ wá láti Ajamimogha, wọ́n á ra odidi àpò léèsì láì ná an. Orí àpótí ni mo máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ ló ń wá bá mi. Kí n tó tú aṣọ àárọ̀ tán, mo ti jẹ ẹ̀wà àti dòdò. Lọ́sàn-án, sítáàṣì, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rò, àti báńgà, ọbẹ̀ ẹyìn tí àwọn Urhobo mọ̀ ọ́n sè, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, mínírà tútù méjì. Àwọn èèyàn á ní, "Alájà, ara yín ń dán o." Inú mi á dùn. Lásìkò yẹn, bí èèyàn bá gbẹ, wọ́n á ní ọjà rẹ̀ kò tà.

Nígbà tí mo sanra tán, orúnkún mi ló kọ́kọ́ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Èémí tẹ̀ lé e. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo, tó sì ń gbé pẹ̀lú mi ní Ogunu, ló gbọ́ pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpòlúkù kù. Ó mú mi lọ sí Íńdíà. Mi ò sọ fún ìyá mi, nítorí mo mọ̀ pé tó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ọmọ òun, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn wá sí Warri.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi dókítà: "Ṣé ma lè kúnlẹ̀?" Ó rò pé ti ìrun ni mò ń sọ. Ó ní ọwọ́ òun kò ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, ẹnu mi ló ni ìdajì tó kù. Tí mo bá ń jẹun bó ṣe yẹ, orúnkún mi á gbà mí. Tí mi ò bá jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ohun tí wọ́n ṣẹ́ kù sí mi nínú kò tóbi ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Omi ọbẹ̀ ẹran ni mo kọ́kọ́ ń mu, ṣíbí kan, ma sinmi, ṣíbí kan, ma sinmi. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n jẹ ẹyin. Mo se ẹyin kan. Ẹyin kan, fún èmi tí mo máa ń jẹ mẹ́fà kí n tó wá oúnjẹ! Mo gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo tíì, mo ń rún un bí ọmọ mi ṣe kọ́ mi, títí yóò fi di omi lẹ́nu mi. Mo jẹ ẹ́ dé ìdajì ni mo rí i pé mo ti yó. Mo dúró. Mo wo àwo. Mo tún wo ikùn mi. Sùbúhánàlláhì! Mi ò mọ̀ pé yíyó rí báyìí. Ohun tí mò ń pè ní yíyó tẹ́lẹ̀, àárẹ̀ ni. Omijé bọ́ lójú mi níwájú ìdajì ẹyin, ọmọ mi rò pé nǹkan ń dùn mí.

Nǹkan tó tún yà mí lẹ́nu jù ni adùn. Ẹ gbọ́, mo ti ń jẹ ẹja àrọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Warri, mi ò tọ́ ọ wò rí! Mò ń gbé e mì ni. Nígbà tí mo wá ń rún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo rí i pé ibi tó sún mọ́ orí dùn ju ibi ìrù lọ, pé omi odò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀wà ní adùn kan níwájú, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ma dákẹ́ lórí àga, ma la ojú sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ọmọ mi á ní, "Mummy, wetin happen?" Ma ní, "Ẹ̀wà ni."

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Lọ́jọ́ kan mo jí mínírà mu, ẹnu mẹ́ta péré. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, òógùn bò mí, mo dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo ń ka kálímà. Irun mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í re ní oṣù kẹta. Wọ́n ní nítorí pé mò ń fi ẹja àti ẹyin sílẹ̀, tí mo ń lá ògì. Ọmọ mi jágbe mọ́ mi. Èmi náà jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo jẹ ẹja.

Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ma ti ilẹ̀kùn, ma di bẹ́ẹ̀dì mú, ma gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Oṣù kìíní, kò ṣe é ṣe. Oṣù kejì, orúnkún kan. Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo sì dìde láìdi nǹkan kan mú. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Ti ìyá mi ni. Mo tọ́jú rẹ̀ dè é.

Ẹnì kan tó lọ sílé láti ọjà wa ló lọ sọ fún ìyá mi pé mo ti gbẹ. Ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni ọgọ́rin ọdún, ó wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ dé Warri! Mo sáré jáde, mo sì tẹ orúnkún láti kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí n délẹ̀. Ó di mí mú lápá méjèèjì, ó figbe ta. "Yéè! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ dà? Ta ló ń febi pa ọmọ mi? Má kúnlẹ̀, má kúnlẹ̀, o ò lágbára!" Bí kíkúnlẹ̀ oṣù mẹ́rin ṣe bọ́ sọ́nù nìyẹn. Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ bínú, mi ò mọ èyí tí ma ṣe.

Ó ní àìjẹun ló ń ṣe mí. Mo ní, "Màmá, mò ń jẹun." Ó ní kí n fi àwo tí mo fi ń jẹun han òun. Mo fi àwo tíì hàn án. Ó wò ó, ó tún wò mí. Ó ní kí n wá odó. Mo ní kò sí. Ìyá mi bọ́ sí ilé aládùúgbò wa, kò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tirẹ̀, ó sì gbé odó kékeré tí wọ́n fi ń gún ẹyìn bọ̀. Iṣu tó gbé láti ilé ni ó sè. Ó jókòó, ó gún un fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tẹ̀ yẹn. Bí ọmọ orí odó ṣe ń dún, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ń já.

Ẹ ẹ̀ rí i, kò sí ẹni tó ń rún òkèlè. Ta ni yóò máa rún iyán lẹ́nu bí ẹran? Láti kékeré ni ọ̀fun wa ti mọ ọ̀nà rẹ̀: bu, rọ, tọ́, gbé mì. Ìyá mi bu òkèlè kan, kò tóbi rárá, ó fi tọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó gbé e sí mi lẹ́nu fúnra rẹ̀. "Ya ẹnu." Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo ya ẹnu. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n rún un. Mo mọ̀! Ṣùgbọ́n mo ro bí yóò ṣe rí lójú rẹ̀ kí n máa rún iyán tó gún. Mo gbé e mì.

Ó dúró sí mi láàárín àyà. Kò lọ, kò bọ̀. Itọ́ kún ẹnu mi, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè sọ̀rọ̀, ìrora ń gún mi lọ sí ẹ̀yìn. Ìyá mi ń lù mí lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ mi bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹni tó ń kú lọ. Ọmọ mi sáré jáde láti yàrá. "Grandma! Wetin you give am? You wan kill my mama?" Ká ní ọwọ́ mi tó o ni, ǹ bá gbá a létí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ó pẹ́ kí òkèlè yẹn tó padà jáde bó ṣe wọlé, odindi.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo ká bùbá sókè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú ọgbẹ́ márùn-ún kéékèèké ló wà níbẹ̀. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ ara mi ni ǹ bá sì fi ṣe é." Ó wá bi mí pé, "Kí lo ń wá tó o fi gbà kí wọ́n gé ọ?" Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Orúnkún ló ń dùn mí, Màmá." Ó wò mí títí. Ó dìde, ó lọ rẹ ẹ̀wà sómi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a ní ilé ìdáná. Ó ti lọ ẹ̀wà, ó ti ṣa egungun ẹja kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti se mọ́ínmọ́ín sínú ewé, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gbé àwo tíì méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ara rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ jẹ tó yó." Ó la ẹnu, ó fi eyín mẹ́ta tó kù níbẹ̀ hàn mí. "Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀? Èmi ni mo já ọ lẹ́nu ọmú. Báyìí náà ni mo ṣe é." A jọ jókòó, a jọ ń jẹ, èmi ń rún, òun ń fi èrìgì lọ̀ ọ́, a ń wo ara wa. Tí mo bá fẹ́ sáré, á gbá mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò bù ú jù fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ mi ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ìdúró náà ni mo ṣì ń kí i láàárọ̀, nítorí ó ti ní kí n má kúnlẹ̀.

Ọjọ́ tó fẹ́ padà sílé, mọ́tò ti dúró níwájú ilé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó sì na ọwọ́ sí ìgúnpá mi bí ó ti máa ń ṣe. Mo sún sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún méjèèjì. "Ó dàbọ̀, Màmá."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tí ìgúnpá mi wà tẹ́lẹ̀. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e lé mi lórí, síbi tí irun ti re.

"Ṣé nítorí èyí ni?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, Màmá."

"Ọdún méje," ó ní. "Ọdún méje tí ọwọ́ mi kò tó orí rẹ."

Háà! Èmi tí mo rò pé kò bìkítà. Kì í ṣe pé mi ò kúnlẹ̀ ló ń dùn ún. Kò rí orí mi gbé ọwọ́ lé láti ṣàdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì mi, èyí tí mi ò ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti sanra, ó sì bọ́ sínú àdúrà. Ó gba àdúrà ti ọdún àkọ́kọ́ nínú méje náà, ó dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, mo ṣe àmín. Ó bọ́ sí ìkejì. Awakọ̀ fun fèrè. Ọmọ mi yọjú, ó ní, "Grandma, motor dey wait o."

Ìyá mi kò gbé ọwọ́ kúrò lórí mi. Ó ní, "Kí mọ́tò máa lọ. Ọdún kẹta ni mo ṣì wà."