Èèkù Òòlù Tí Mo Tún Ṣe

Ọwọ́ bàbá ẹni ẹlẹ́ni ni mo pa rẹ́.

Owódé Onírin ni mo ti ń fi ẹ̀rọ oníná wọn nǹkan. Ẹ̀rọ náà á tanná yí nǹkan ká, ìrísí ẹ̀ á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, a ó sì gé òmíràn bíi tiẹ̀.

Aunty kan gbé òòlù bàbá wọn tó ti kú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kòkòrò ti jẹ èèkù ẹ̀. Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n tán, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́.

Ibì kan jìn wọnú lára ìrísí ẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo dí i lórí kọ̀ǹpútà, mo sì pa ìrísí ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Lónìí, Aunty náà gba tuntun, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá nǹkan lára ẹ̀.

"Ibi tó jìn yẹn ńkọ́?"

"Aunty, mo ti bá yín dí i. Ó ti dán báyìí."

"Àtàǹpàkò Daddy mi ló gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni mo máa ń ki tèmi bọ̀ tí àárò wọn bá ń sọ mí."

Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi! Wọ́n kàn ní "O ṣeun," wọ́n sì ń lọ, àtàǹpàkò wọn ṣì ń wá ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?