Máàpù Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Tíì ni mo ń pò lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ń jowú. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù kẹjọ, ìgbà tí òjò Niamey máa ń le jù. Fóònù mi dún lórí tábìlì, mo sì sáré gbé e, torí àkókò yẹn ni àwọn ará òkè òkun máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ojú ọ̀run wa ń wí. Obìnrin kan tó ń gbé ní erékùṣù kan ní Karibíà ló kọ̀wé. Faransé ló fi kọ ọ́, kò sì gùn: ẹ kú àárọ̀ o, Niamey, kí ni la petite wí? La petite, ọmọ kékeré náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń dá obìnrin yìí lóhùn, kò béèrè mi. Mo da ṣúgà sínú tíì náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ìbínú mu ún bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ tí a jẹ́, kí ẹ má baà rò pé awo ni wá. Ẹni bí ogójì ni wá, orí fóònù la ti ń pàdé, kò sì sí ẹni tó rán wa níṣẹ́. Ohun tó pa wá pọ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. Òjò àti ẹ̀fúùfù tó ń ti ìhà Chad bọ̀, tó ń gba orí wa kọjá ní Niamey, kì í parí síbí. Yóò la Mali kọjá, yóò la Senegal kọjá, yóò bọ́ sínú òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú sójú omi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè bá omi gbígbóná pàdé, kó dìde, kó máa yí po bí ọbẹ̀ tí a ń fi ìgbákọ rò, kó sì di ìjì ńlá tí wọ́n ń sọ lórúkọ, tó ń ká òrùlé àwọn èèyàn kúrò ní òdì kejì òkun. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, òmíràn wà ní Yúróòpù, tí wọ́n ń ṣírò ibi tí afẹ́fẹ́ náà yóò dé lọ́la, lọ́túnla, títí di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àràárọ̀ ni máàpù tuntun ń jáde, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó. Àwa la máa ń dúró dè é bí ẹni ń dúró de àkàrà gbígbóná. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà méjèèjì á fẹnu kò. Nígbà mìíràn wọ́n á máa bára wọn jà bí orogún.

Òfin wa kò pọ̀. A kì í yan máàpù tó wù wá; méjèèjì la gbọ́dọ̀ fi hàn. Èyí tó bá sì ń sọ ohun tó kọjá ọjọ́ márùn-ún, àlá ni. Ẹni tó bá gbé àlá jáde bí òótọ́, a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ipò tèmi nínú ẹgbẹ́ náà dùn mọ́ mi ju iṣẹ́ ọ́fíìsì tí mo ń ṣe lọ. Ogún ọdún rèé tí mo ti Ọ̀yọ́ wá sí Niamey, mi ò sì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ọmọ méjì tí mo bí wà ní Ìbàdàn, ọkùnrin ni wọ́n. Bí mo bá fi máàpù ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mìíràn." Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fúùfù bá ti gba orí òrùlé mi kọjá, tí mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kọjá o, ó le, ààrá rẹ̀ pọ̀, àwọn ará Dakar á dáhùn, àwọn ará erékùṣù á dáhùn. Ojú ẹgbẹ́ náà ni mí ní Niamey. Kò sẹ́ni tó fi mí joyè, àmọ́ mo joyè.

Ọmọ kékeré tí wọ́n wá ń béèrè yìí, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé wọn kò sì jìnnà sí tèmi ní àdúgbò Poudrière. Ìṣirò ló ń kọ́ ní yunifásítì. Faransé ló fi kàwé, Sámà, èdè àwọn ará Niamey, ló fi bá àwọn ọ̀rẹ́ ṣeré, Yorùbá rẹ̀ ò sì nípọn. "Tata," àǹtí lédè Faransé, báyìí ló máa ń pè mí, "Tata, ẹ wá wò ó, òjò yẹn, ó ti sortir, ó ti jáde ní Chad." Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo fi ibi tí a ń wò hàn án, tí mo sọ fún un pé kó má ṣe gbàgbọ́ nínú máàpù kan ṣoṣo, tí mo fi ẹnu ara mi bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kọjá mi.

Máàpù kan ni mo máa ń wò láti Yúróòpù. Òun ń wo àádọ́ta. Ó ní kọ̀ǹpútà náà máa ń tún ìṣirò kan náà ṣe lọ́nà bí àádọ́ta, pé ká máa ka iye tó ní òjò á rọ̀ àti iye tó ní kò ní rọ̀. Ọdún mẹ́fà, n ò mọ̀. Àwọn ará òkè òkun ń pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà fi àtẹ́wọ́ tèmi síbẹ̀, eyín mi wà lórí ara wọn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń jí kí àkùkọ tó kọ, kí n lè gbé máàpù síta ṣáájú rẹ̀. Bó bá ṣàṣìṣe, ara mi á yá gágá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kan tó fi ọjọ́ kan tàsé, mo ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ àádọ́ta máàpù rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí mo mu tíì oníṣúgà yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Ó fẹ́ pààrọ̀ páànù òrùlé rẹ̀, torí ó ti di asẹ́, abọ́ ni wọ́n ń gbé sábẹ́ rẹ̀ káàkiri pálọ̀. Káfíńtà ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan lòun ráyè, pé òun á ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, òun á kan tuntun lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ méjì tí kò sí òjò ló ń wá.

"Ẹ̀yin onímọ̀ ojú ọ̀run," ó ní, "ọjọ́ wo?"

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Pas mardi, Papa. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ mardi. Nǹkan kan ń bọ̀ láti Chad, ó máa dé ìrọ̀lẹ́ mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Mo ti wo méjèèjì láàárọ̀. Ti Yúróòpù gbé òjò náà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Amẹ́ríkà sún un sí Ọjọ́bọ̀. Nínú ọkàn mi, ti Yúróòpù ni mo gbàgbọ́. Ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, ohun tọ́mọ náà sọ gẹ́lẹ́ ni n bá sọ. Àmọ́ òun ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti di tirẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni," mo ní. "Ti Amẹ́ríkà ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ lè ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó di Ọjọ́rú alẹ́ wọ́n á ti kàn án tán."

Ẹ̀gbọ́n mi wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni ká mú. Ọmọ náà ní, "D'accord, Tata. Bí ẹ ṣe wí." Mo yọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo yọ̀.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, máàpù tuntun jáde. Ti Amẹ́ríkà ti pa ohùn dà. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí wa gan-an. Káfíńtà ò ní dé kó tó di aago mẹ́sàn-án. Ìka mi wà lórí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju pé, "Ẹ dá a dúró o." Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ọmọ náà ló jàre. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ̀ǹpútà kẹta. Mo wá, mo wá, títí mo fi rí máàpù kan tí a kì í kà sí nínú ẹgbẹ́ wa, tó ní òjò náà á yà sí àríwá. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni n bá kọ́kọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo dì mọ́ ọn. Mo gbé fóònù sínú báàgì, mo lọ síbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí aago mẹ́ta lù tí n ò lè jókòó mọ́. Nígbà tí mo fi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo páànù àtijọ́ ti wà nílẹ̀, tuntun ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú ọ̀run sì ń wo inú pálọ̀. Ìhà ìlà oòrùn ti pọ́n. Káfíńtà tó wà lókè nàka síbẹ̀, ó pariwo ní Haúsá, "Hadari, Hajiya! Hadari!" pé ìjì ti gbára jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Eruku pupa ló kọ́kọ́ bò wá tí a ò rí ara wa. Lẹ́yìn náà lòjò dé. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì, a gbé tẹlifíṣọ̀n, ọmọ náà wọ́ àpótí ìyá wa tó ti kú jáde, èyí tí aṣọ òfì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ omi ti wọ inú rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Sílìn yàrá ọmọ náà já lu àwọn ìwé rẹ̀.

Nígbà tó dá, ẹ̀gbọ́n mi dúró sínú omi tó mù ún dé kókósẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan tí ọmọ náà fi ní, "Papa, ẹ má bínú sí Tata. Máàpù àárọ̀ yìí, Ọjọ́bọ̀ ló ṣì ní. À midi ló yí padà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ó sì ń wò mí, kò yára mójú kúrò.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ọ̀sán ló yí padà."

Ọjọ́ mẹ́rin ni n ò fi lè jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ bá a. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ òfì ìyá wa lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń sá wọn, torí wọ́n ti ń rùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i láàárọ̀ yẹn. Mo rí i kí káfíńtà tó dé, n ò pè yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọmọ yìí wá jí mi láago méje, ó ń bẹ̀ mí kí n dá iṣẹ́ dúró. Mo ní ṣé àǹtí rẹ ti pè? Ó ní rárá. Mo ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, àǹtí rẹ ò ní ṣaláì pè mí. A jókòó ti fóònù títí káfíńtà fi dé."

Ó béèrè pé kí ló dé. Mo ní, "Mo ń jowú ọmọ yín ni." Ó na etí aṣọ kan sí mi, ká jọ fún un.

Òjò tó ba ilé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kò kú sójú òkun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó dìde, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ó sì gba ibi tí ọmọ náà ti sọ pé yóò gbà. Gbogbo ẹgbẹ́ ń kí i. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti òní lọ, ọ̀rọ̀ Niamey di ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mo sì mú ọkàn le rán an. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo ń retí kí wọ́n bẹ̀ mí. Àtàǹpàkò ni wọ́n nà sókè fún mi, méjìdínlógójì. Kò sẹ́ni tó ní kí n má lọ. Mo wá orúkọ ọmọ náà láàárín àwọn tó nàka, mo wá a títí, kò sí níbẹ̀, òun nìkan ni kò gbà. Mo sì tún jowú inú rere yẹn náà.