Iyùn Ìyá Àgbà

Bí mo bá gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́, ojú a máa tì mí. Tíṣà wa ló ní ẹranko ni iyùn nínú òkun, pé ó ń na ọwọ́ tíntìntín mú oúnjẹ. Àánú iyùn ìyá àgbà ṣe mí. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú àwo, mo bu iyọ̀ sí i bíi ti òkun, mo rì í síbẹ̀. Ó ń hó ṣìì. Mo ní ó ń jẹun nìyẹn. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti ṣá.

Ìyá àgbà fà mí lọ bá ọ̀rẹ́ wọn tó tà á fún wọn l'Ọ́jà'ba.

"Ayédèrú lo tà fún mi!"

"Èmi? Ojú ẹ ló ń ṣe bàìbàì!"

Mo sá sẹ́yìn ìró ìyá àgbà, mo dákẹ́. Wọn ò kí ara wọn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé egungun ẹranko náà ni iyùn, àti pé ojúlówó ló ń hó nínú ọsàn wẹ́wẹ́; ayédèrú kì í hó.