Omi Kànga Tí Mo Pè Ní Omi Òjò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọ́n ní láti di aṣọ mi mú lẹ́yìn kí n tó lè yọjú wo inú kànga, Ṣómólú ni à ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Houston yìí, ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yí ẹ̀rọ tí omi ń dà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bí omi ṣe rí fún wa. Èkó gan-an jìnnà sí wa díẹ̀ nígbà náà. Ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́ níbi tí oko ẹ̀gẹ́ wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Kànga kan ṣoṣo ni ìdílé mẹ́sàn-án tó wà nínú ilé wa ń fà. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ilé, kànga wà láàárín àgbàlá, ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà iwájú ilé á kún, á wọ inú àgbàlá wá bá wa. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù jù ni wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò ni. Kakí tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi ló máa ń wọ̀, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á máa yà láti ojúlé dé ojúlé. Á ṣí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú omi, á yọjú sí ṣáláńgá, á fi ọ̀pá tú ìdọ̀tí tí o gbá sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí ó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, sámáńsì ni, ó di ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn àgbà wa fi ń ta ara wọn lólobó yá ju fóònù yín lọ. Ilé tó bá kọ́kọ́ rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ké pé, “Ẹ kú àlejò o.” Ilé kejì á gbà á, ilé kẹta á gbà á, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa a ti gbálẹ̀, a ti da omi àná nù, a ti jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn òjò kan tó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìdá, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní àdúgbò, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Ilé tó wà ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á sì dákẹ́ bí a bá dé. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, torí pé wọn kò rán wa níṣẹ́ lọ sí òdìkejì mọ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé wolé-wolé ń da oògùn sí kànga láti ilé dé ilé, ó ń fi pákó bò ó, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fà á fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ní kí oníkálukú máa se omi tí yóò mu. Ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní omi olóògùn ń rùn. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jinná. Ìyá onílé wa, àgbà obìnrin tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn, ní àwọn kò ní í fi omi tó ń rùn bójú láyé àwọn.

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí a gbọ́ “Ẹ kú àlejò o”, a kò da omi nù. Fífà ni a fà á. Ìyá onílé pàṣẹ pé kí á fa gbogbo omi tó bá ṣeé fà kí oògùn ọkùnrin yẹn tó kàn án, kí á lè rí omi gidi mu títí wọn yóò fi ṣí kànga. Ẹ ò rí ọgbọ́n orí wa. Omi tó ń ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá gan-an ni a sáré fà pamọ́, oògùn tí ì bá gbà wá ni a ń sá fún. Àmù kún, garawa kún, báàfù ìwẹ̀ kún, kódà ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi kún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ọwọ́ mi yá nídìí okùn, gbogbo ilé ló ń yìn mí. Bàbá mi kò sí nílé. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ń ṣe, ìrìn wọn sì pọ̀.

Nígbà tí wolé-wolé wọlé, ìdí kànga ló kọ́kọ́ lọ. Ó wo inú kànga, omi ti lọ sílẹ̀, ó ti di ẹrẹ̀. Ó wo àwọn àmù tó kún dẹ́nu. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó bi àwọn àgbà léèrè ibi tí omi yìí ti wá, ìyá onílé sì dáhùn pé omi òjò ni. Kò bá wọn jiyàn. Ó lóṣòó níwájú mi títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé ojú mi, ó ní, “Ọmọ dáadáa, omi wo lèyí?” Mo gbójú sókè wo ìyá mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyá mi kò la ẹnu, ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn dáadáa. Mo ní, “Omi òjò ni, sà.” Ó fọwọ́ kàn mí lórí. Ó gbà mí gbọ́. Ó ní kí á bo omi náà dáadáa, ó sì lọ da oògùn rẹ̀ sínú kànga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òùngbẹ gbẹ àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Mo fi kọ́ọ̀bù tánganran bu omi nínú àmù, mo gbé e sí i lẹ́nu, mo di ìdí kọ́ọ̀bù náà mú kó má baà dà á sára. Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ọmọ náà mu ún tán, ó na kọ́ọ̀bù sí mi pé kí n tún bù sí i. Mo tún bù sí i. Èmi náà mu nínú rẹ̀, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Títí di òní mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó jẹun àárọ̀ tán, ó bì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, omi lásán ló ń jáde lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omijé kò jáde. Àwọn ìyá inú ilé ní eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n gún àgbo wá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ omi. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù ni pé àgbo yẹn gan-an, inú àmù kan náà ni wọ́n ti ń bu omi tútù tí wọ́n fi ń pò ó. Mo jókòó sẹ́bàá ẹní, mò ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Mi ò lè jẹun, mi ò lè ṣeré. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti ìyá mi àti gbogbo ilé, bóyá ọlọ́pàá á tiẹ̀ wá kó wọn. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, àbúrò mi lè kú mọ́ mi lójú. Mo ń rò ó lọ, mo ń rò ó bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo rí kẹ̀kẹ́ wolé-wolé tó ń kọjá lọ lójú títì. Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi. Mo sáré lé e láìwọ bàtà, mò ń pè é ní sà, sà, títí tó fi dúró. Mo ní, “Kì í ṣe omi òjò. Àbúrò mi ti mu ún.” Kò bú mi. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó wọlé, ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí ìyá mi pọ̀n ọ́n kíá. Bí ìyá mi ṣe jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń sá fún nìyẹn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí i lára níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó yè.

Lọ́jọ́ kejì tó gbé wọn lọ, wolé-wolé padà wá, ó da gbogbo omi inú ilé nù, àmù kan lẹ́yìn èkejì. Kò kọ sámáńsì fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí a fi kó kúrò níbẹ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá onílé, wọ́n á gbójú síbòmíràn. Ọmọ tó ń tú àṣírí ilé síta ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi ní tiwọn kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rí. Wọn kò nà mí, wọn kò bú mi, wọn kò yìn mí. Mo gbà pé inú ń bí wọn sí mi ni, pé wọn kò lè gbàgbé ọwọ́ tó gbé kọ́ọ̀bù yẹn sí ọmọ wọn lẹ́nu. Èrò yẹn ni mo gbé dàgbà. Òun ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà.

Mo kàwé níbí, mo ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn títí mo fi fẹ̀yìntì, ojú mi sì ti rí ohun tó ń gbé inú omi tó mọ́ gaara. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo máa ń gbóòórùn omi ẹ̀rọ ní Mission Bend níbí kí n tó mu ún. Ẹ máa ṣe é lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ń wọlé wá ṣí ìkòkò ẹni wò mọ́. A kò mọ ojú ẹni tó ń tọ́jú omi wa, òun náà kò mọ ojú wa. Bí nǹkan bá bàjẹ́, orí fóònù ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí pé kí á se omi kí á tó mu. Ẹni tó bá kà á ti kà á, ẹni tí kò bá kà á, tirẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò lóṣòó bi ọmọdé léèrè.

Ní ìgbà òtútù kan, nígbà tí iná lọ tí páìpù sì ń bẹ́ káàkiri, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Kí n tó gbé ìkòkò kaná, àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, Rosenberg, ìlú kan nítòsí Houston, ló ń gbé. Ó ní, “Àǹtí mi, Rosenberg ni mo wà now. Notice yẹn ò kàn wá, ẹ calm down.” Mo ní kó ṣáà se é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ máa ń kọ́kọ́ pè lórí ọ̀rọ̀ omi, all these years?” Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, irọ́ omi òjò, kọ́ọ̀bù, bí mo ṣe bù ú fún un lẹ́ẹ̀mejì. 

Ó wá ní, “Àǹtí mi, Màmá sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn fún mi before they passed. Wọ́n ní àwọn làwọn bù ú fún mi mu. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sáré lọ pe wolé-wolé.”

Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n mọ ọwọ́ tó bu omi náà. Wọ́n gbé ẹ̀bi náà lé ara wọn lórí, wọ́n gbé e dé sàréè, nígbà tí èmi ń rò pé ìbínú ni wọ́n fi ń dákẹ́ sí mi. Ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí, ẹ kì í gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ fún ara yín pé ẹ fẹ́ràn ara yín, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kò sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Irọ́ ni wọ́n pa nítorí mi, mi ò sì rí wọn mọ́ kí n dúpẹ́.