Hẹ́ẹ̀dífóònù Tí Kò Há Bàbá Létí

Bí mo bá tú ọjà tuntun lónìí, tí òórùn fóòmù àti rọ́bà ta sí mi nímú, ọjà Òsí ni ọkàn mi máa ń lọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀. Ọkọ̀ akérò tó gbé èmi àti bàbá mi láti Ìlọ́fà rì, a bọ́ bàtà dání, a fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, ó kù díẹ̀ kí n wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Hẹ́ẹ̀dífóònù la fẹ́ lọ rà, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ orí tí orin yóò máa dún síni létí.

Tíṣà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù nílùú. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ohun gbogbo ló ń fi bẹ́ẹ̀sì wọ̀n. Bí ìyá mi bá se ọbẹ̀ tí irú rẹ̀ kò tó, Bàbá á tọ́ ọ wò, á ní, “Bẹ́ẹ̀sì dà?” Bí mo bá fi ohùn tín-ín-rín kí i láàárọ̀, ìbéèrè kan náà ni. Ìyá mi a máa ní bí òun bá kú, dípò kí ọkùnrin yìí sunkún, ńṣe ni yóò máa bi òkú òun pé bẹ́ẹ̀sì dà.

Etí rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Agogo ilé ìwé ni kò kọ́kọ́ gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ti àwọn yòókù lójú orin, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Nígbà tí ìkórè ọdún yẹn ń bọ̀, ọ̀gá akọrin wá sílé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Bàbá kọ́ níwèé ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba orin ìkórè sí kalẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ pé bí orin náà kò bá wọ Bàbá lẹ́nu dáadáa títí di ìdánrawò Sátidé, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa bá àwọn àgbà ìjọ jókòó. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé èmi náà kò lè jẹ tèmi.

Rédíò kásẹ́ẹ̀tì wa kò wúlò fún irú iṣẹ́ yẹn. Sípíkà rẹ̀ ti ya, bí bẹ́ẹ̀sì bá ti dé, á máa gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Bí Bàbá bá sì yí ohùn rẹ̀ sókè kó lè gbọ́, gbogbo agboolé á máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sọ fún un pé hẹ́ẹ̀dífóònù ló kù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní gbàgbé bí owó oṣù tíṣà ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé nígbà náà, nítorí náà èyí tí agbára wa ká la ń wá lọ.

Bùrọ̀dá kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, tó ń ta rédíò àti bátìrì nínú ìsọ̀ onípákó. Ó kó hẹ́ẹ̀dífóònù oríṣi mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́ tóbi, ó dúdú, ó ń dán, owó rẹ̀ sì ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí òun kàn gbìyànjú ẹ̀. Ó fún apá gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọn lórí títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

“Ẹ yọ gíláàsì yín, Tíṣà,” ni bùrọ̀dá wí.

“Kí n gbọ́ orin, kí n wá fọ́jú?” ni Bàbá dá a lóhùn.

Èkejì kéré, inú ihò etí ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ó ń já bọ́ ṣáá, ohùn rẹ̀ kò sì ju ṣì-ṣì-ṣì lọ. Bàbá gbé e fún un padà. “Bẹ́ẹ̀sì dà?”

Ẹ̀kẹta ló fúyẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú fóòmù aláwọ̀ ọsàn. Páálí rẹ̀ ti ya, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Bùrọ̀dá fi kásẹ́ẹ̀tì régè tirẹ̀ sínú rédíò ìsọ̀ rẹ̀ kí Bàbá lè fi dán an wò. Ẹ wá wo bàbá mi, tó ti lé ẹ̀gbọ́n mi jáde ní pálọ̀ nítorí orin àwọn tí kì í ya irun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó fúnra rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá fi kásẹ́ẹ̀tì ìkórè tí a mú dání láti ilé sí i. Ó dijú. Ó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, tó nípọn, tó sì lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Àwọn tó ń ná iṣu dákẹ́, wọ́n yíjú sí wa. Àwọn kan ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo fà á láṣọ.

“Bàbá, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń wò wá.”

Kò dákẹ́ àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ orin náà parí. Ó wá yọ ọ́ lórí, ó sì sọ ọ́ ní èdè ilé wa, tí kì í sábà sọ sí àlejò: “Éè há mi létí. Jẹ́ á mú un re ulé.”

Ìyá mi fi àgékù ìró rẹ̀ rán àpò sí fóòmù náà kí òógùn má baà máa yún Bàbá. Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ló ti ń lò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní Sátidé, èmi àti ìyá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dì mí lọ́wọ́ mú pinpin. Bàbá kò ṣìnà. Ọ̀gá akọrin fa àga Bàbá padà sí ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, òórùn iṣu tuntun àti ọsàn gba inú ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn bàbá mi sì wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohun tí àlùfáà wàásù lé lórí.

Etí tèmi náà ti ń di báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrin láti ra hẹ́ẹ̀dífóònù. Èmi náà ti ń lo gíláàsì. Ọmọ tó ń tajà gbé olówó ńlá lé mi lórí, mo bi í pé bẹ́ẹ̀sì dà, kò yé e. Mo gbé e kalẹ̀, mo mú ọ̀kan tó fúyẹ́, tí kò wọ́n, ọmọ mi sì fi orin akọrin kan sí i. Ohùn ìsàlẹ̀ tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ dé, ó kún orí mi. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là, tí mo ń bá a kọrin.

Láti kékeré ni mo ti gbà pé Bàbá kò mọ̀ pé ọjà ń wo òun lọ́jọ́ náà, pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́ mi. Ó mọ̀. Ó gbọ́ mi.

Ọmọ mi fà mí láṣọ. “Mọ́mì, ẹ rọra, wọ́n ń wò wá.”

Mo gbọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ parí ẹsẹ̀ orin náà ná.