Hóró Oògùn Tí Mo Fura Sí

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, a la etí ewúrẹ́ kan. Mo ṣì rántí àwọn òrùka wẹ́wẹ́ mẹ́ta inú egungun lọ́hùn-ún, àwọn tó ń sọ fún ẹranko bóyá ó dúró tàbí ó fẹ́ ṣubú. N kò mọ̀ pé tèmi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún mi lọ́jọ́ ogbó.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo yí orí lórí ibùsùn, àjà ilé sì ń yí lójú mi. Dọ́kítà kan ní Adó, tí ì bá jẹ́ ọmọ ọmọ mi, sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú etí mi lọ́hùn-ún kò tó. Ó kọ oògùn oníhóró funfun kan tí yóò la iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Mo rà á ní ilé ìtajà oògùn kan ní àdúgbò Adébáyọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo bá ti dìde lórí àga, ojú mi a ṣú. Mo wo hóró funfun yẹn, mo ní, "Ìwọ ni." Bóyá ayédèrú ni. Bóyá dọ́kítà ò mọṣẹ́. Mo tilẹ̀ fura sí ìyàwó mi, torí ọjọ́ tí mo fara gba ògiri ló kéde pé:

"Dádì, ẹ ò ní í dá lọ sóko Ìyìn mọ́."

"Ta ni yóò wa iṣu?"

"Ẹni tí kì í di ògiri mú kó tó rìn."

Oko bàbá mi ní ìlú Ìyìn ni. Òun nìkan ló kù tí mo ń dá ṣe láyé yìí. Mo bá dá oògùn náà dúró láìsọ fẹ́nì kan. Àjà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ojú mi sì ń ṣú síbẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi padà sọ́dọ̀ dọ́kítà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní ìdùbúlẹ̀, ó tún un wọ̀n ní ìdúró.

"Bàbá, yàtọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ti etí, ẹ ń lo nǹkan mìíràn?"

"Rárá."

Irọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìyìn gbọ́ nípa òòyì mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló fà á, ó sì fi àgbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì yẹn gan-an ni ìgò àkọ́kọ́ dé. Ta ni í dá àgbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà? Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣé mo lè wí ìyẹn níwájú ọmọ yìí? Bí n kò bá sì wí i, oko lọ nìyẹn.

"Àgbo díẹ̀," mo ní.

"Díẹ̀ kẹ̀?" ni ìyàwó mi wí. "Ìgò ńlá!"

Dọ́kítà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní oògùn etí ò jẹ̀bi. Àgbo àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló jọ ń fa ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Bí mo bá dìde, kò gòkè dé orí tó. Kí n fi àgbo sílẹ̀, kí n padà sí hóró funfun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo dá lọ sí Ìyìn. N kò tíì jókòó tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ìgò mìíràn jáde. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un.

"Ìyàwó rẹ ló ní kí o wí bẹ́ẹ̀," ló ní.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò gbà mí gbọ́. Mo dìde, mo dúró ná. Ojú mi ò ṣú. Mo mú ọkọ́, mo gba ọ̀nà oko lọ.